Achimota: Ibi Tí Wọn Kì Í Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ tro-tro ní Kwame Nkrumah Circle, láàárín ìgboro Accra, tó kọjú sí ìhà àríwá, kò ní í pẹ́ rárá kó tó rí i pé ìlú ń yí ohùn padà. Ariwo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí àwọn ará Ghana ń pè ní méètì, yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìsọ̀ tó fara kọ́ra yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún igi láyè. Nígbà tí yóò bá fi rin bíi kìlómítà mẹ́wàá, yóò bá igbó ńlá kan pàdé, nítòsí igbó náà ni yóò sì ti rí ilé gogoro kan tó gbé aago ńlá sórí. Achimota nìyẹn. Kò sí ọmọ Ghana tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ orúkọ yìí. Bí wọ́n bá dá a láàárín wọn, àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn mìíràn yóò sì yínmú, nítorí orúkọ ilé ìwé náà kò dùn létí gbogbo èèyàn bákan náà.

Ọjọ́ tí ilé ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló dára jù lọ kí àlejò débẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ yóò dúró, ọmọ kan yóò bọ́ sílẹ̀, awakọ̀ bàbá rẹ̀ yóò sì gbé ẹrù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni takisí tó ti gbó yóò dé, tí ìyá kan tó fi gèlè di ìbàdí yóò bọ́ nínú rẹ̀, tí òun àti ọmọ rẹ̀ yóò jọ gbé àpótí onírin kan lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ kẹta lè ti wà lójú ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́ àná, kó jẹ́ pé Bolgatanga tàbí Wa ló ti wọ ọkọ̀ alẹ́, tí eruku àríwá ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé dání kò yàtọ̀: àpótí aṣọ, àti àpótí onípákó tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní chop box. Gàrí wà nínú ti ọmọ ọlọ́rọ̀, gàrí wà nínú ti ọmọ tálákà. Shito, ìyẹn ata díndín dúdú tí àwọn ará Ghana fi ẹja àti edé ṣe, wà nínú méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ kò ju ẹran tí wọ́n fi kún shito lọ.

Ní àwọn ilẹ̀ kan lókè òkun, wọ́n a máa ṣètò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú tó rí jájẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìlú rẹ̀ kò rí jẹ, kí ẹni àkọ́kọ́ sì padà gba ẹnì kejì lálejò. Wọ́n ní kí wọ́n lè mọ ara wọn ni. Àwọn àgbà Yorùbá ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, àwọn ló sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ghana kò fi tirẹ̀ mọ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Odindi ọdún mẹ́ta ni ilé ìwé girama àgbà wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń lò ó ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, níbi tó jìnnà sí ilé, láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ibi tí àṣà náà ti ta gbòǹgbò ni Achimota.

Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Èdè Ga, tí í ṣe èdè àwọn onílé ní Accra, ni wọ́n fi sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé wọn kì í dárúkọ ẹni níbẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà ibẹ̀ fi yé wa pé ní ayé òwò ẹrú, inú igbó náà ni àwọn tó bá já mọ́ àwọn olówò lọ́wọ́ máa ń sá sí. Nítorí náà, bí èèyàn bá ń gba ibẹ̀ kọjá, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè, kí ẹni tó ń wá ẹrú rẹ̀ má baà gbọ́. Dídákẹ́ orúkọ ni ààbò tí igbó náà fi bo àwọn tó sá wá síbẹ̀. Kò bi wọ́n léèrè ìdílé tí wọ́n ti wá, kò sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n rà wọ́n.

Gómìnà tó kọ́ ilé ìwé síbẹ̀ ni Gordon Guggisberg, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó di ajagun àti awọnlẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó di gómìnà Gold Coast ní 1919, ó ti ṣiṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun náà ló kọ́ ilé ìwòsàn Korle Bu tí wọ́n ṣí ní 1923, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ èbúté Takoradi. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ló gbà á lọ́kàn jù. Ní 1924 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1927, wọ́n ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá. Orúkọ ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é, ìyẹn Prince of Wales College. Àwọn aráàlú kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ títí. Orúkọ igbó ló borí orúkọ ọmọ ọba.

Àwọn méjì mìíràn ló dúró ti Guggisberg. Ẹni àkọ́kọ́ ni Alexander Garden Fraser, òyìnbó tó ti ṣe olórí ilé ìwé ní Kandy lórílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, tí wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Achimota. Ẹnì kejì ni James Emman Kwegyir Aggrey, ọmọ Anomabu, tí wọ́n bí ní 1875, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé. Òun ni igbákejì ọ̀gá. Ní ayé ìgbà náà, kí ènìyàn dúdú jókòó sí irú ipò bẹ́ẹ̀ láàárín òyìnbó kì í ṣe ohun kékeré.

Aggrey ló mú òwe dùùrù wá. Ó ní ẹni tó bá ń tẹ kìkì ọ̀pá funfun ara dùùrù lè rí orin díẹ̀ kọ, ẹni tó bá sì ń tẹ kìkì dúdú náà lè rí díẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n kí ohùn tó lè dọ́gba, kò sí ohun tó máa ṣe ju kó lo méjèèjì pọ̀. Yorùbá yóò ní ọwọ́ ọ̀tún ni í wẹ òsì, tí òsì í wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ méjèèjì fi í mọ́. Àwòrán ọ̀pá dúdú àti funfun náà ni wọ́n fi ṣe àmì ilé ìwé, ó sì wà lára aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní. Gbólóhùn èdè Látìnì kan tún wà tí wọ́n fi ṣe àkọmọ̀nà, tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Aggrey tún tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n kọ́ ọmọbìnrin pọ̀ mọ́ ọmọkùnrin, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé kò pẹ́ tó láti jẹ èso ohun tó gbìn. Oṣù kẹfà lẹ́yìn ayẹyẹ ìṣílé, ní oṣù keje 1927, ó kú sí New York.

Bí wọ́n ṣe pín àwọn ọmọ sí ilé ló fi ọgbọ́n wọn hàn. Wọn kò kó àwọn Ashanti sí ọ̀tọ̀, kí wọ́n kó àwọn Ewe sí ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi àwọn Ga sí ìdí igi tiwọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, bíi Aggrey, Guggisberg àti Livingstone, inú wọn sì ni wọ́n pò gbogbo ọmọ mọ́ra. Ọ̀kan lára ilé àwọn obìnrin ń jẹ́ Slessor, orúkọ ìyá òyìnbó tó lo ayé rẹ̀ ní ìhà Calabar, ní Nàìjíríà. Ọmọ tó bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kan fún ọdún díẹ̀, tó jọ gbá ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀, tó jọ po gàrí pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí oúnjẹ ilé ìwé kò bá yó wọn, yóò ṣòro fún un láti gba ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ nípa ẹ̀yà ẹni náà gbọ́.

Wọn kò sì fi dandan lé e pé kí gbogbo wọn di òyìnbó. Ní 1934, wọ́n gba olùkọ́ orin kan, Ephraim Amu, ọmọ Ewe láti Peki. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Akropong ni ọkùnrin náà ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò níbẹ̀ nítorí pé ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ gun orí àga ìwàásù. Achimota ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì wọ aṣọ rẹ̀ wọlé. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlù àti orin ilẹ̀ wọn. Òun ló ṣe orin "Yɛn Ara Asaase Ni". Èdè Ewe ló kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n ní èdè Twi ni gbogbo Ghana fi ń kọ ọ́ lónìí níbi ayẹyẹ ìjọba, bí ẹni pé orin orílẹ̀-èdè kejì ni. Orin ọmọ Ewe ní ẹnu Ashanti: bí ènìyàn bá ń wá ẹ̀rí pé òwe dùùrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀kan nìyẹn.

Achimota kò sì pẹ́ di ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn olórí. Kwame Nkrumah gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ níbẹ̀ ní 1930. Jerry Rawlings kàwé níbẹ̀, John Atta Mills náà kàwé níbẹ̀. Dawda Jawara tó di ààrẹ Gambia gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Gold Coast sílẹ̀ ní 1948, ọdún kan náà pẹ̀lú ti Ìbàdàn, ọgbà Achimota ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí orí òkè Legon.

Bí àwọn Yorùbá bá wá ń gbọ́ gbogbo ìyìn yìí, ẹ má bínú bí àwọn àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ejigbo bá mi orí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń mi orí. Lára àwọn tó kọ́ni ní Achimota ní àwọn ọdún 1930 ni Kofi Abrefa Busia, ọ̀mọ̀wé tó jinlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá. Nígbà tó di olórí ìjọba Ghana ní 1969, kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àga nígbà tí ìjọba rẹ̀ pàṣẹ, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Twi ju Yorùbá lọ, di ẹni tó ń ta ọjà ní ìtàkúta. Ọ̀pọ̀ wọn fi gbèsè tí àwọn ẹlòmíràn jẹ wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Accra kò lè pa ìtàn yìí rẹ́ nítorí ara ìlú náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní James Town, létí òkun, àdúgbò Ga kan wà tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Ìtàn fi yé wa pé àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà Allada, nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi James ní nǹkan bí ọdún 1673, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Lónìí, ọmọ Ga ni wọ́n, wọ́n ní ọba, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n máa lọ. Àwọn Yorùbá tó dé lẹ́yìn wọn náà ni àwọn ará Ghana ń pè ní Alata. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan di onílé, èkejì di ẹni tí wọ́n lé.

Òtítọ́ kò ní jẹ́ kí ẹnì kan dá ẹ̀bi náà di ti Ghana nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì, àwọn ọmọ Ghana tí wọ́n ṣírò sí bíi mílíọ̀nù kan sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé ìwé girama ilẹ̀ Yorùbá. Báàgì tí wọ́n di ẹrù sí lọ́jọ́ náà ni à ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ korò: ilé ìwé lè pa ọmọ orílẹ̀-èdè kan pọ̀, síbẹ̀ kí ààlà orílẹ̀-èdè ṣì dúró gbọnyin nínú ọkàn ẹni tó kàwé jù lọ.

Ààlà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé inú Ghana gan-an ló wà. Láti Accra dé Tamale ju 600 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n jíjìnnà ojú ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro. Nígbà ìjọba amúnisìn, gúúsù ni kòkó, wúrà àti ilé ìwé wà. Àríwá ni wọ́n ti ń kó àwọn tó máa ro oko kòkó, tí yóò sì wa kùsà. Ọdún 1951 ni ìlú Tamale tó ní ilé ìwé girama, nígbà tí Achimota ti ń lọ sí ọdún 25. Lẹ́yìn òmìnira 1957, ìjọba Nkrumah ṣètò pé kí àwọn ọmọ àríwá máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò náà gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dìde, ṣùgbọ́n kò tó láti dí ọ̀gbun tí ìran mẹ́ta gbẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀gbun náà kò nílò láti rìn dé Tamale. Ọjà Makola tó wà láàárín Accra tó o. Níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kan wà tó ń gbé páànù ńlá kiri, tí wọ́n ń ru ẹrù oníbàárà lórí láti ìdí ìsọ̀ dé ìdí ọkọ̀. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí ẹrù ni wọ́n fi kan ọ̀rọ̀ Ga tó túmọ̀ sí obìnrin. Àríwá ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Àwọn kan lára wọn kò tíì pé ọdún 15. Ìwájú ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sùn nígbà tí ọjà bá tú, wọ́n á sì máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ra abọ́, aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọn yóò kó relé ọkọ.

Kò ṣòro kí irú ọmọbìnrin méjì, tí wọ́n jọ dàgbà ní abúlé kan, wọ ọkọ̀ kan náà láti àríwá. Ọ̀kan gbé àpótí onírin, Achimota ló ń lọ. Èkejì gbé àpò ọ̀rá, Makola ló ń lọ. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Accra, ọ̀nà wọn yà, bóyá wọn kò sì ní í tún jọ jókòó mọ́ títí ayé. Ohun tó pín wọn níyà lè má ju èsì ìdánwò kan àti owó ọkọ̀ lọ.

Ibí ni ìjọba Ghana ti gbìyànjú. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n ń mú ẹni tó wù wọ́n wọlé, ẹsẹ̀ tó bá sì mọ ojú ọ̀nà ni í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2005, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá parí ilé ìwé girama kékeré yóò mú àwọn ilé ìwé tó wù ú níbikíbi ní Ghana, èsì ìdánwò rẹ̀ ni yóò sì sọ ibi tí wọn yóò pín in sí. Ọmọ Bawku lè bá ara rẹ̀ ní Cape Coast, kí ọmọ Accra bá ara rẹ̀ ní Kumasi. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ìjọba Nana Akufo-Addo sọ ilé ìwé girama àgbà di ọ̀fẹ́, tòun ti oúnjẹ àti ibùsùn.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ ilé tí ọmọ ti wá. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó fi owó gidi kọ́ ọmọ wọn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ni èsì wọn ń dára jù, àwọn ọmọ náà ló sì ń kún àwọn ilé ìwé ńlá. Kí ọmọ ilé ìwé ìjọba má baà máa wo Achimota láti òkèèrè, wọ́n ya ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àyè ní irú àwọn ilé ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn kan ní ó kéré jù. Àwọn mìíràn ní wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí. Ẹni tó bá wo páànù tó wà lórí ọmọ ọdún 14 ní Makola yóò mọ ẹni tí òótọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ilé ìwé ọ̀fẹ́ náà mú wàhálà tirẹ̀ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju yàrá lọ, débi pé ní 2018, wọ́n ní láti pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, kí apá kan wà ní ilé nígbà tí apá kejì bá wà ní ilé ìwé. Ọmọ tó ń lo ìdajì ọdún ní ilé kò rí ìdajì àjò náà rìn. Nígbà tó sì di 2021, Achimota fúnra rẹ̀ bọ́ sí ẹnu ayé. Wọ́n kọ̀ láti gba ọmọkùnrin méjì tí kọ̀ǹpútà pín síbẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́sìn Rasta ni wọ́n, wọn kò sì gbọdọ̀ gé dàda orí wọn. Àwọn kan ní òfin ilé ìwé ni òfin, orí gígé ni orí gígé. Àwọn kan bi wọ́n pé ṣé ilé ìwé tó gba Amu tòun ti aṣọ rẹ̀ ló wá ń lé ọmọ nítorí irun? Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga ní Accra, ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2021, adájọ́ sì ní kí wọ́n gba àwọn ọmọ náà wọlé. Ohun tí ọjọ́ náà fi hàn ni pé pípa àwọn èèyàn pọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí baba ńlá kan ṣe tán ní 1927. Ìran kọ̀ọ̀kan ni yóò tún un ṣe.

Nàìjíríà kò lè wo ìtàn yìí bí ẹni tó ń wo ìran lásán. Nàìjíríà náà gbà pé bí àwọn ọmọ bá jọ gbé, wọn yóò jọ mọ ara wọn. Ní 1966, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwé ìṣọ̀kan sílẹ̀ ní Warri àti ní Ṣókótó, kí ọmọ Yorùbá, ọmọ Hausa àti ọmọ Igbo lè jọ sùn ní yàrá kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ọdún 1973 yẹn kan náà ni Ghana dá ètò ìsìnrú ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti ibẹ̀ mọ Zuru, tó ti ibẹ̀ jẹ tùwó, tó ti ibẹ̀ fẹ́ aya tàbí ọkọ tí ìyá rẹ̀ kò lálàá rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ní òru oṣù kejì 2014, àwọn agbébọn wọ ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi, ní ìpínlẹ̀ Yobe, wọ́n sì pa àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ní Birnin Yauri, ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ọdún 2021 yẹn, nígbà tí Ghana ń jà lórí irun orí akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ ni Nàìjíríà ń wá nínú igbó. Òbí wo ni yóò dá lẹ́bi bó bá ní ọmọ òun kò ní í kọjá Ìbàdàn? Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí gbogbo òbí bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìran kan yóò dàgbà tí oko bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀. Ètò ìrìnàjò àwọn ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan. Ọ̀nà tó dára àti òru tí èèyàn lè sùn ni í gbé e ró. Ohun tí Ghana ní ju Nàìjíríà lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju pé ọmọ lè wọ ọkọ̀ alẹ́ láti Bolgatanga kí ìyá rẹ̀ sì sùn.

Bí oòrùn bá ń wọ̀ ní Accra, aago orí ilé gogoro Achimota a máa ràn díẹ̀ kí ojú ọjọ́ tó ṣú. Igbó náà ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ń há a mọ́ lọ́dọọdún, tí ẹnu sì kún orí rẹ̀ ní 2022 nígbà tí ọ̀rọ̀ wáyé pé ìjọba fẹ́ yọ apá kan lára rẹ̀ kúrò nínú igbó ọba. Nínú ọgbà, àwọn ọmọ yóò ti máa tò lọ síbi oúnjẹ alẹ́ nínú aṣọ kan náà, àlejò kò sì ní í mọ èyí tí bàbá rẹ̀ ní ilé epo yàtọ̀ sí èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà. Wọn kì í dárúkọ ẹni níbẹ̀. Ààbò ni.

Ní Makola, kìlómítà díẹ̀ sí ibẹ̀, ọjà ń tú lásìkò kan náà. Oníbàárà kan ń wá ẹni tí yóò bá òun ru ẹrù dé ìdí ọkọ̀. "Kaya!" ló pè. Ọmọbìnrin kan sì sáré wá tòun ti páànù rẹ̀. Níbẹ̀ náà, wọn kì í dárúkọ ẹni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti dáàbò bò ó. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ ni.